Màmá Pearl Hnatiuk, Ọlọ́bẹ̀ Ọjọ́rú (1944–2023)

Ìlú Poplar Bend ní Manitoba, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n bí Màmá Pearl sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 1944, sínú ìdílé Stefan àti Anna Wasylyshyn, àgbẹ̀ ọlọ́kà tí àwọn òbí wọn ti Ukraine wá. Ìjì yìnyín dí ọ̀nà pa lọ́jọ́ náà, agbẹ̀bí kò lè dé, ìyá-ìyá wọn ló gbẹ̀bí. Màmá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kì í ti í dúró de ẹnikẹ́ni kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1965, Màmá fẹ́ Bàbá Metro Hnatiuk ní ìjọ Kátólíìkì àwọn ará Ukraine, Ọlọ́run sì fi Lorna ta wọ́n lọ́rẹ. Màmá wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ọmọ tí wọn kò mọ orúkọ ajá ilé rẹ̀.

Ní 1989, ìjọba gbé Dale, ọmọ ọdún mẹ́ta, fún wọn pé kí wọ́n bá àwọn tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà kò tíì parí dòní. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni Dale, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ láàárọ̀ lè ti fò lọ kó tó di ọ̀sán. Bàbá Metro rò pé agídí ni. Wọ́n a bá a wí torí ìbọ̀wọ́ tó sọnù, wọ́n a gba ohun ìṣeré rẹ̀, òmíràn a tún sọnù lọ́jọ́ kejì. Dókítà ló wá ṣàlàyé pé ọtí tí ìyá rẹ̀ mu nígbà tó lóyún ti pa ọpọlọ ọmọ náà lára. Màmá délé, wọ́n ní, “Bàbá Lorna, ọmọ tí kò lẹ́sẹ̀, ẹ fẹ́ nà án kó lè rìn ni?”

Láti ìgbà náà, ilé ni wọ́n ń tún ṣe fún un, wọn ò tún ọmọ ṣe mọ́. Màmá ya gbogbo ohun tí Dale máa ṣe lóòjọ́ sára ògiri ilé ìdáná: bàtà, bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, ibùsùn. Ká sòótọ́, Màmá kò mọ àwòrán yà. Ẹṣin wọn jọ àga. Dale sì mọ gbogbo rẹ̀.

Ní 1994, Màmá dá ọbẹ̀ Ọjọ́rú, àjẹpọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré orí yìnyín, fún àwọn ìdílé tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni òbí tó ti rẹ̀ ti ń rí ẹni bá a gba ọmọ fún ìgbà díẹ̀ kó lè sùn, tó sì ń rí ẹni bá a lọ sí ilé-ìwé tàbí kóòtù. Lọ́jọ́ tí Rhonda, ìyá tó bí Dale, dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Màmá ní, “Ẹni tó bá fẹ́ bú ìyá ọmọ yìí, kó kọ́kọ́ gbé àwo ọbẹ̀ mi sílẹ̀.” Ẹnikẹ́ni kò gbé e sílẹ̀. Wọ́n fa ọ̀bẹ àti bíìtì pupa tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà lé Rhonda lọ́wọ́, ó sì ti ń gé e láti ìgbà náà.

Ọjọ́rú kì í yẹ̀, torí ìyípadà máa ń da orí Dale rú. Lọ́dún tí Kérésì àwọn ará Ukraine, ọjọ́ keje oṣù Kìíní, bọ́ sí Ọjọ́rú, Fáda Bohdan bẹ Màmá pé kí wọ́n sún ọbẹ̀ síwájú. Màmá ní, “Fáda, Kérésì méjì lẹ ní lọ́dún níbí. Ọjọ́rú kan ṣoṣo ni Dale ní lọ́sẹ̀.” Fáda fúnra wọn ló fọ abọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Màmá lẹ́rù, pàápàá lẹ́yìn tí Bàbá Metro jáde láyé ní 2015: ta ni yóò dúró ti Dale bí àwọn bá kú? Nígbà tí àìsàn ọkàn dé ní 2021, Màmá mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sílé lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Dale sáré wálé.

“Màmá, ọbẹ̀ ti ń hó! Ẹ dìde!”

“Ta ló ń sè é?”

“Rhonda ni.”

“Ṣé ó ń jóná ni?”

“Rárá o.”

“Ó dáa, padà lọ jẹ tìẹ, kó o bu tèmi wá.”

Ó tún sáré wá lọ́sẹ̀ kejì, àti lẹ́yìn náà. Nígbà tó yá, abọ́ ọbẹ̀ nìkan ló ń gbé wá. Màmá fẹjọ́ sun Lorna pé, “Ọmọ yìí ò tiẹ̀ bẹ̀ mí mọ́!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú Màmá dùn dọ́ba.

Kí Màmá tó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ti ya àwòrán ọjọ́ òní, ọjọ́ ìsìnkú wọn, sílẹ̀ fún Dale. Wọ́n ní Ọjọ́rú ni kó jẹ́. Àwòrán kìíní ni ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá nínú pósí, fìlà pupa lórí. Dale wò ó, ó ní, “Màmá, ẹ jọ sọ́séèjì.” Èkejì ni ibojì. Ẹ̀kẹta ni ìkòkò ọbẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kan tó di ṣíbí ńlá mú. Màmá bi í pé, “Ta nìyí?”

Ó ní, “Èmi ni.”

Màmá fi ọmọ sílẹ̀, Lorna àti Dale; àwọn ọmọ-ọmọ, Kyla, Bradyn àti Tessa; àti Rhonda, tí Màmá ń pè ní ọmọ, tí a sì kà mọ́ ọmọ.

Bí a bá kúrò ní ibojì, ẹ bá wa ká lọ sí gbọ̀ngàn. Dale ni yóò bu ọbẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣe gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá, Ọjọ́rú kò yẹ̀. Ẹ sùn re o.