Kíkẹ́ Inú Ìwé Náà

                                        Òpópónà Kejì,
                                        Kubwa,
                                        Àbújá.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tiwátọ́pẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti fúyẹ́? Àbí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi rẹ ti fọ́ ọ lórí tán? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́.

O bi mí lórí fóònù bóyá Jọlá ọmọ mi fẹ́ràn ìwé aláwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí i, mo sì purọ́ pé bátìrì mi ti fẹ́ kú. Má bínú. Ẹnu mi ni kò gbà á.

Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun àti Kíkẹ́olúwa, ọmọ Abímbọ́lá tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ni wọ́n jọ ń wò ó. Wọ́n ti pín àwọn ọ̀rẹ́ méjì inú ìwé náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ẹni tó dirun ni Jọlá, ẹni tó wọ bàtà pupa ni Kíkẹ́. Àwòrán tó gbẹ̀yìn, níbi tí àwọn méjèèjì ti dàgbà tí wọ́n gbé báàgì lọ síbi iṣẹ́, ni wọ́n ń jà lé lórí jù.

Tiwátọ́pẹ́, Kíkẹ́ kú lóṣù tó kọjá. Ibà ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, àwọn òbí rẹ̀ kò sì débẹ̀, bí a ti máa ń ṣe é. Ìyá ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí Jọlá. A bá sọ fún un pé Kíkẹ́ ti lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìlọrin. Ló bá pa ìwé dé, ó ní ó di ìgbà tí Kíkẹ́ bá dé.

Ní Sunday tó kọjá, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sáré bá Abímbọ́lá. "Mọ́mì Kíkẹ́, when is she coming back? Book wa wà lọ́wọ́ mi o, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á." Ó fa ìwé náà yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Abímbọ́lá ò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé Jọlá lé ẹsẹ̀, ó ka ìwé náà fún un tán pátápátá. Ó wá ní, "Jọlá, Kíkẹ́ ò lọ sí Ìlọrin. Ó ti kú. Kò ní padà wá mọ́." Inú kọ́kọ́ bí mi sí i. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, nítorí a ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun tó bí ọmọ náà láti sọ.

Bí a ṣe délé, Jọlá mú ìwé náà. Ló bá ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó fi ìka lé ẹni tó wọ bàtà pupa. Ó ní, "Mọ́mì, ta wá ni eléyìí báyìí?"

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. Ìwọ tí o ń kọ́ ọmọdé, kí ni ká sọ?

Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ. Jọ̀wọ́, má tíì fi ìwé mìíràn ránṣẹ́.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ wúwo,
                                        Ọmọ́níkẹ́.