Kí Ni Màmá Gan-an Sọ?

Bọ̀dá Làtíìfù, ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ mi ti fúyẹ́, ó ti padà sí iṣẹ́ shift rẹ̀ ní Lewisham, nílùú òyìnbó níbí.

Lánàá, nílé ìwé, wọ́n ní kí Yusrah ọmọ mi mú ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fẹnu ara rẹ̀ sọ, kó sọ ọ́ di ìròyìn, bí ìgbà tí ẹlòmíì ń ròyìn rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé Màmá ní kí n kí i. Ó ní, "Mummy, ìyẹn ti di ìròyìn tẹ́lẹ̀. Kí ni Grandma gan-an sọ?"

Láti ìgbà ààwẹ̀ mi ò gbọ́ ohùn Màmá. Tí mo bá pè, ẹ ní wọ́n ń sùn, ẹ ní wọ́n ń kírun.

Mo mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Ṣùgbọ́n ìlera ni mo ṣì ń tọrọ fún Màmá. Tó bá jẹ́ àforíjìn ló yẹ kí n máa tọrọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Àbúrò yín,
Mìsítúrà