Ohun Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Yàrá Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Alága pè mí kí n tó fọ ẹnu tán. Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi yìí fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìpàdé ẹbí, òun ni alága, òun ni akọ̀wé, òun náà ni àdúrà ìparí. Ó ní Ìyá tún ti sọ ọ́. Pé tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, àwọn ń gbọ́ tí Bàbá ń mí ní yàrá ẹ̀yìn. Bàbá tí a ti sin láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn.

Ìyàwó rẹ̀ ti tún yàrá kan ṣe de Ìyá, dókítà sì wà nítòsí wọn. Àmọ́ kí a má baà fi agídí gbé àgbàlagbà, kí n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ mi lọ. "Ẹ̀rọ kì í purọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló bá mi rà á.

Ogún ọdún ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀ jẹun. Odò, ilé iṣẹ́, òjò lórí páànù, eré orí rédíò. Ẹnikẹ́ni ò gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ilé Ìyá. Kí n tó gbé ẹrù sílẹ̀ wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: mo ti rù, ṣé atẹ́gùn tí mo ń gbà sílẹ̀ náà ni mo ń jẹ ni? Orí wọn pé. Wọ́n rántí iye bàtà tí mo sọnù nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin, ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn: bẹ́ẹ̀dì onírin, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri télọ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ìrọ̀rí tí ojú orí Bàbá ṣì jìn láàárín rẹ̀. Ìyá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ̀n ọ́n. Mo bi wọ́n pé báwo ni mímí náà ṣe rí.

"Bí ẹni tó jẹun yó tó sùn. Kí ló dé tí o ń wò mí báyẹn? Ṣé mímí ọkọ mi ló yẹ kó máa dẹ́rù bà mí?"

Mo gbé Arúgbó kalẹ̀ — máìkì mi àtijọ́, ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ ẹ̀rọ, mo ti ilẹ̀kùn, àwa méjèèjì lọ jókòó ní pálọ̀ láti aago kan títí di aago mẹ́ta. N kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn aago méjì, Ìyá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Ọjọ́rú, 5

Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣìììì. Kò yà mí lẹ́nu. Kò sí máìkì tí kò ní ariwo tirẹ̀. Bí o bá rì í mọ́lẹ̀, á ṣì máa ṣe ṣìì, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń ké bẹ́ẹ̀. Arúgbó sì ti dàgbà, tirẹ̀ pọ̀.

Oògùn rẹ̀ ò le. A ó mú ìṣẹ́jú kan níbi tí nǹkan kan ò ti dún àfi máìkì fúnra rẹ̀, a ó fi han kọ̀ǹpútà: wo ojú èyí dáadáa, ibikíbi tí o bá ti rí i, yọ ọ́. Mo mú ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn aago méjì, torí ìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò dákẹ́ jù. Mo yọ ṣìì. Ohun tó kù ni mọ́tò kan lọ́ọ̀ọ́kán, ẹyẹ kan, àti Ìyá tó ń wúkọ́ ní pálọ̀. Kò sí mímí kankan.

Inú mi dùn pé iṣẹ́ náà mọ́. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo ti sọ fún Alága. Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ìpàdé ní pálọ̀ Ìyá. Mo ṣe bíi tíṣà. Mo tẹ àkọ́kọ́ fún wọn, mo ní ṣìì tí ẹ ń gbọ́ yìí, máìkì ni, kì í ṣe yàrá. Mo tẹ ìkejì: yàrá nìyí. Alága ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá ní kí n padà sí àkọ́kọ́. Wọ́n di ẹ̀rọ etí mọ́ etí wọn pẹ́ títí.

"Kí lo yọ níbẹ̀?"

Mo ní ariwo ẹ̀rọ ni.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ti ẹ̀rọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, Ìyá, iṣẹ́ mi ni. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ. Wọ́n dìde lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Báàgì kan péré. Wọ́n fẹ́ mú ìrọ̀rí yẹn dání, Alága rọra gbà á lọ́wọ́ wọn, ó dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìyá, ìrọ̀rí pọ̀ nílé wa." Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9

N kò sùn dáadáa. Ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìyá rí dókítà lónìí. Oògùn funfun kan láàárọ̀, àwọ̀ yẹ́lò kan lálẹ́. Lórí fóònù ohùn wọn tutù. Wọn ò yọ mí lẹ́nu rárá, wọn ò sọ pé mo rù. Mo ní ṣé ẹ jẹun, wọ́n ní àwọn jẹun, ẹ ṣé. Èmi ni Ìyá ń sọ "ẹ ṣé" fún!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Kí n kọ ọ́ báyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Rédíò fẹ́ ohùn kíláàsì tó ṣófo. Ṣìì Arúgbó ń dí mi lọ́wọ́, mo ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fi aṣọ òtútù mẹ́ta wé e, mo gbé e sínú àpótí, mo gbé àpótí sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í pa, mo pa iná gbogbo ilé. Ohun tó bá dún níbẹ̀, ti Arúgbó nìkan ni.

Mo fi wé ṣìì tí mo yọ ní yàrá Bàbá. Wọn ò jọra.

Ti kọ́bọ́ọ̀dù kéré, ó sì tẹ́jú. Ti yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ó sì ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Máìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ariwo rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ ló ṣe ń rí lálẹ́. Èyí tó bá ń yí padà, òde ló ti wá.

Àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì. Inú yàrá tí mo fẹ́ yẹ̀ wò gan-an ni mo ti lọ mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ní wákàtí tí Ìyá sọ pé ó ń mí. Ohun yòówù tó wà níbẹ̀, mo fi ojú rẹ̀ han kọ̀ǹpútà, mo ní kó pa á rẹ́. Mo sì jẹ́rìí lé e lórí.

Kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ó yọ nìkan. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo pa kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́rú, 19

Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀.

Wọlé. Jáde. Ìdákẹ́ díẹ̀. Wọlé. Jáde.

Mo ní irọ́ ni. Omi inú páìpù ni. Fíríìjì ni. Télọ̀ ló ń sùn. Mo gba ilé Ìyá lọ, mo pa iná láti ẹnu mítà, mo ti omi pa. Mo kan ilẹ̀kùn télọ̀: ó ti lọ ṣọ́ọ̀bù láti aago mẹ́jọ, títì ni ilẹ̀kùn wà. Mo gbé máìkì méjì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Arúgbó àti Ìyàwó — máìkì mi tuntun nìyẹn, bí ìyàwó tuntun kì í fọhùn, ariwo tirẹ̀ ò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ ti máìkì, ọ̀kan á ní in, èkejì ò ní ní in.

Aago méjì. Àwọn méjèèjì ní in. Wọlé-jáde kan náà, lásìkò kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo padà lọ. Mo fi ẹ̀rọ etí bo etí, mo mú Ìyàwó lọ́wọ́, mo ń rìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹlẹ̀. Ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sún mọ́ mi. Tí mo bá yọ ẹ̀rọ etí, kò sí nǹkan kan: yàrá, oòrùn lára ògiri, erùpẹ̀ lórí fèrèsé. Tí mo bá tún dì í, ó wà níbẹ̀. Etí lásán ni Ìyá fi ń gbọ́ ọ.

Mo gbé máìkì sún mọ́ ibi tó jìn lára ìrọ̀rí. Mímí náà dúró.

Ó dúró bí ìgbà tí ẹni tó ń sùn bá fura pé ẹnì kan dúró ti òun lórí. Èmi náà ò mí. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi: "Bàbá, èmi ni."

Mímí gígùn kan jáde. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ padà bó ṣe wà.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ẹ̀rù ò bà mí. Mo sá jáde, mo fi Ìyàwó sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà mi kan wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Síbẹ̀ màá lọ sọ fún wọn lọ́la. Kí wọ́n dá Ìyá padà sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ilé Alága. Mo ṣàlàyé kọ́bọ́ọ̀dù, máìkì méjì, télọ̀. Mo ń sáré sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Mo fi ẹ̀rọ etí sí i létí. Ó gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ṣìì ni mo gbọ́. Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa. Ẹ̀rọ ẹ ló ń ké."

Mo ní kí ó tún un gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo bàtà mi, nítorí àwọ̀ méjì ni mo wọ̀ jáde nílé. Mo gbé e fún Ìyá. Mo ní ẹ̀yin ẹ sọ fún wọn, Ìyá. Wọ́n gbọ́ ọ pẹ́, ojú wọn ò yí padà rárá. Wọ́n ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan, ọmọ mi."

Ojú tì mí débi pé mo lọ dúró ní ilé ìdáná. Ìyá tẹ̀lé mi pẹ̀lú abọ́ tó ti mọ́, wọ́n ṣí omi kó máa dà, wọ́n tún un fọ̀.

"Panu mọ́. Dókítà ní tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n dá mi padà sílé mi. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé àlá ni mo lá. Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì?"

Mo ní rárá, mà. Wọ́n ń fọ abọ́ náà lọ.

"Ṣé wọ́n ń mí dáadáa?"

"Wọ́n ń mí, Ìyá."

"Kò há?"

"Kò há."

Wọ́n ti omi pa, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọlé lọ.

Nígbà tí mo jáde, Alága ti fa àga kan fún mi. Ohùn tó fi ń bá Ìyá sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí ló fi bá mi sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní àìsùn ló ń bá mi jà, ó ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn, yàrá ṣì wà, kí n mú kọ́kọ́rọ́ ilé Ìyá wá. Ó ní, "Ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ?"

Ìyá ń ká aṣọ lórí ìjókòó. Wọn ò gbé ojú sókè.

Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ni."