Ọ̀nà Iwájú Ni Ìyá Rẹ Fẹ́ Gbà

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kì í sùn tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ìlú ńlá náà kò ní gbé ọ mì. Ara tèmi le, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ayọ̀ abiyamọ sì mú un jẹ kàlẹ́ńdà tí o fi ránṣẹ́ láti oṣù kẹjọ lọ, nítorí náà oṣù keje la ṣì wà nínú ilé yìí.

Orúnkún ìyá rẹ ni kò gba ìpẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọ̀ fún un, àga oníkẹ̀kẹ́ irú tìrẹ tí o rà fún un ló fi ń jáde. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tì í dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan fẹ́ gbé e gun àtẹ̀gùn bí ẹni gbé àpótí aṣọ. Ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, òun kì í ṣe ẹrù. Ó jókòó sí ìta lábẹ́ fèrèsé, ó ń gba orin láti ibẹ̀. Èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ náà. Mo gbójú sókè, mo rí orí rẹ̀ lójú fèrèsé. Ibẹ̀ gan-an ni mo fi ọ́ sí lọ́jọ́ tí a ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Ọmọ mi, o kò gbàgbé, èmi náà kò gbàgbé. Èmi alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ni mo ní kí a gbé ilé náà ga, pé ẹni tó bá fẹ́ rí Ọlọ́run, kí ó gòkè. Lọ́jọ́ náà òjò ṣú, àlejò pọ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ àti orúnkún lo máa fi gun àtẹ̀gùn lójú wọn. Ojú tì mí. Mo ní kí o dúró níta kí o máa ṣọ́ agboòrùn wọn. O ní ó dáa, Bàbá. O ṣọ́ wọn, ọ̀kan kò sọnù. Èmi olùkọ́ àgbà, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwà! N kò bẹ̀ ọ́ rí. Mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí.

Ìdí nìyí tí mo fi tọrọ àwòrán ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ò ń gbà wọ ibi iṣẹ́ rẹ. Ó dé sínú fóònù, mo sì gbé e lọ fún bíríkìlà. Àfi bó ṣe fi ìka méjì kàn án tí ọ̀nà náà gùn sí i! Mo já a gbà kíá, mo ní kí ó má tún fọwọ́ kàn án, nítorí sìmẹ́ńtì tí a rà kò lè tó ọ̀nà tó ń dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí yanrìn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la kọ́ ọ̀nà náà sí, lẹ́nu yàrá tí a ń kó ìgbálẹ̀ àti àga tó ti kán sí, nítorí ìgbìmọ̀ ní yóò ba ẹwà iwájú jẹ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo fi ayọ̀ ti ìyá rẹ débẹ̀. Ó wo ìgbálẹ̀, ó wò mí, ó béèrè bóyá olè lòun. Ó ní mo ti fi ọmọ òun síta rí, mo tún fẹ́ fi òun gba ẹ̀yìn. Ilé Bàbá òun nìyí, ọ̀nà iwájú lòun máa gbà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pàdé, mo dìde, mo sọ ohun tí mo ṣe sí ọ lójú gbogbo wọn, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí a fọ́ ìdajì àtẹ̀gùn iwájú. Akápò ní kí ni àwọn èèyàn yóò sọ bí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì bá rí bí ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Olórí ẹgbẹ́ akọrin, tí ìbàdí ń dùn, dá a lóhùn pé òun yóò sọ pé ẹ ṣeun.

Wọ́n gbà, ọ̀nà iwájú náà sì ti parí báyìí. Ó fẹ̀, ó sì rọra ń gòkè. A mú ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fẹ̀, a sì gé àga gbọọrọ kan kúrú láàárín ìjọ, kí oníkẹ̀kẹ́ lè jókòó ti àwọn èèyàn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o pè tí ojú rẹ hàn nínú fóònù, tí o ní ojú ọ̀run nìkan lò ń rí, má bínú. Orí àga ìyá rẹ ni mo gbé ọ sí, mo ń tì ọ́ gòkè, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀nà náà yóò gbà ọ́. Bíríkìlà ní fóònù kò wúwo tó èèyàn. Mo ní ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò tíì gba ibẹ̀ o. Ó ní ẹni tí a kọ́kọ́ fi síta ni yóò kọ́kọ́ wọlé, pé títí dìgbà náà, abẹ́ fèrèsé lòun wà. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti kúrò nílé, o kò tún wọ ilé ìjọsìn kankan, n kò sì lè fipá mú ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró síta.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó irin ìdìmú tí wẹ́dà máa jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà rán awakọ̀. Má fi sínú fóònù. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, n kò rí nǹkan kan.

Ọlọ́run yóò ṣí gbogbo ọ̀nà tí èèyàn dí mọ́ ọ, títí kan èyí tí èmi bàbá rẹ dí. Bí o bá wá, tí òjò sì ń rọ̀, fi agboòrùn rẹ sílẹ̀ níta kí o máa wọlé lọ. Èmi ni n ó máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ