Lẹ́tà R tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ara mi le ní Sokodé níbí, alihamudulilahi.

Ìdíje bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kóòṣì lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri, ó sì kọ R sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Bìlálì ọ̀rẹ́ mi ní “rapide” ni lédè Faransé, pé ẹsẹ̀ mi yá. Inú mi dùn. Àmọ́ Bìlálì yára jù mí lọ, kò sì sí R lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bìlálì tún sọ̀rọ̀ ní Kotokolí, èdè wọn níbí, ni gbogbo àwọn tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù bá bú sẹ́rìn-ín. R náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ “remplaçant”, ẹni tó ń jókòó dúró dìgbà tó bá rẹ ẹlòmíì kó tó wọlé gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí wọ́n bá ṣì ń bọ̀ wá wò mí, kí wọ́n jókòó nítòsí bẹ́ńṣì kóòṣì. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí mi dáadáa.

Mùízù yín