Bàtà Tuntun Lẹ́sẹ̀ Dẹ́rẹ́bà

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀fun gbígbẹ.

Olóyè ni èmi tí mo kọ̀wé yìí, ní Lálúpọn. Mo ní lọ́rì, mo ní oko kòkó. Bí mo bá wúkọ́, agbo ilé á dákẹ́. Ẹ bá mi sọ fún àwọn olówó ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà wọn bọ́ bàtà.

Dẹ́rẹ́bà kan wà níbí, ọmọ ìjọ Kérúbù. Ẹsẹ̀ lásán tó fi ń wọ ilé àdúrà náà ló fi ń wa lọ́rì, ọkọ̀ kì í sì í já a kulẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ọkọ̀ mi kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ bàtà bí ẹni tó lajú." Ó ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì fún un. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú mọ́. Lórí òkè Olódò, ọkọ̀ kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn wọ kòtò, gàrí àwọn obìnrin tó wọ ọkọ̀ náà dà sílẹ̀. Ọ̀gá ní dẹ́rẹ́bà náà ti darúgbó, òun ti rí ẹlòmíì.

Mo ní kó bọ́ bàtà náà. Ó ní, "Ọ̀gá ló rà á. Wọ́n á ní mo rí wọn fín."

Ẹ má bínú, èmi kì í ṣe olóyè. Ọ̀gá yẹn ni mo ń sín jẹ, kí ẹ lè ka ìwé mi. Kí ẹ tó kà á, ọ̀gá á ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà náà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló lè fún dẹ́rẹ́bà tí kì í wọ bàtà níṣẹ́? Bàbá mi ni dẹ́rẹ́bà náà.