Bọ́sẹ̀dé Kò Bá Àgbà Jiyàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi kejì. Ẹ kú ìjókòó ẹnu ọ̀nà, ẹ kú ìṣọ́ àwọn tó ń kọjá láìkí yín. Mo kí ọkọ yín nínú ibojì rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé n kò tí ì ṣe tán àtiwá bá a. Mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí Katikíìsì tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Katikíìsì, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́ o. Ẹ má bá mi tún un ṣe.

Ara mi le. Eyín mẹ́fà péré ló kù lẹ́nu mi, ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ sì ń rún egungun. Ẹ jẹ́ kí n mọ ẹni tí ẹ jí tirẹ̀ kó.

Òjò ọdún yìí kò jẹ́ ká sinmi ní Agége. Bó bá ti rọ̀ báyìí, omi aláwọ̀ aró láti ilé iṣẹ́ ìtòsí wa á gba iwájú yàrá mi kọjá bí onílé. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti lo agbára mi, wọ́n ti tì í pa. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan n'Íkẹjà ni mo ti ń ṣílẹ̀kùn báyìí, tí mo ń bẹ́rí fún mọ́tò. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kò rí ẹni yọ lẹ́nu mọ́, àfi Bọ́sẹ̀dé.

Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀dé ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ọmọ-ọmọ yín tí ẹ tọ́, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kó lè gba oyè Másítà ní yunifásítì, ẹ ti ń retí ìròyìn rẹ̀. Kò rí oyè náà gbà, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sì fà á.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Omi kànga Agége ni ó ṣèwádìí lé lórí. Ilé dé ilé ló gbé ìgò lọ, ó ń pọnmi, ó ń kọ orúkọ ilé sí i lára. Ó wá rí i pé kànga tó bá sún mọ́ gọ́tà ilé iṣẹ́ lomi rẹ̀ burú jù. Mo ní ahọ́n mi ti mọ ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n kúkú gbé oyè náà fún mi.

Ṣùgbọ́n yunifásítì ní kéèyàn mọ nǹkan kò tó. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé wà lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé, tí wọ́n sì fi ń dúró gbèjà ohun tí wọ́n kọ. Ni Bọ́sẹ̀dé bá ń lọ kọ́ ọ ní Onígbòǹgbò ní gbogbo Sátidé, lọ́dọ̀ olùkọ́ obìnrin kan. Olùkọ́ yìí ní kí wọ́n yéé fi ìdúpẹ́ àti ìtọrọ gáfárà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ohun tí wọ́n rí kalẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yí ọ̀rọ̀ wọn po, kí wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. Mo ní ṣé àfojúdi ni wọ́n wá ń kọ́ ní kíláàsì, àwa tí wọ́n bí i mọ́ ńkọ́?

Bọ́sẹ̀dé ní kí n máa ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n fún òun, kí òun lè fi mí kọ́ra. Mo wọ aṣọ akọrin ìyàwó mi, mo fi awò tí kò ní gíláàsì sójú, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, nítorí náà mo ń fi Yorùbá bi í, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Èyí tí kò bá yé mi, mo ń mi orí bíi pé òun ló ṣì í. Àwọn ará ilé á kún ẹnu ọ̀nà bámúbámú, wọ́n á máa wò wá.

Lọ́jọ́ kan mo ní ohun tí ó ń sọ ni pé kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lomi rẹ̀ dára jù. Ó wò mí lójú kòròǹkòrò. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún un sọ ní Yorùbá kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: pé òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, pé n kò fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbejì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ọwọ́ ti tẹ Bàbá Agége lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fi mí ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò lè gbé e mì. Mo bi í bóyá ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó máa sọ fún àgbà nínú yàrá àgbà pé kò létí. Mo ní kó kúnlẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré wa náà ni. Mo ní kó kúnlẹ̀! Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó tọrọ àforíjì. Nígbà tó yá mo ní àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó ti rí ojú mi. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá sọ, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo sì ń gbádùn rẹ̀, òmùgọ̀ àgbà.

Ọjọ́ tí yóò dúró gbèjà ìwé rẹ̀ pé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kàwé ló ròyìn fún mi. Ó ní Bọ́sẹ̀dé sọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan tó wá láti yunifásítì mìíràn, tí orí rẹ̀ funfun bí tèmi, wá bi í pé ṣé ohun tó ń sọ ni pé kànga ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló mọ́ jù. N kò mọ̀ bóyá ó ń dán an wò ni, bóyá ó sùn lọ ni. Bọ́sẹ̀dé lanu, ó wo ewú orí yẹn, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì húkọ́. Bàbá náà ṣí ìwé, ó tún bi í. Bọ́sẹ̀dé tún ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ ṣeun, sà.

Wọ́n bi í bóyá òun ló kọ ìwé yẹn. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àyè iṣẹ́ tí wọ́n ti fi pamọ́ dè é ní yunifásítì, ẹlòmíì ti wọ̀ ọ́.

Wọ́n ní sójà ti lọ, ìjọba alágbádá ti dé, kí oníkálukú máa sọ tinú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé sójà kan ṣì kù ní yàrá Agége.

Mo lọ bá olùkọ́ Onígbòǹgbò, mo ṣí fìlà, mo jẹ́wọ́. Ó gbọ́ mi jẹ́jẹ́. Ó ní ẹjọ́ mi kò wúlò fún wọn, àfi kí Bọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ kọ̀wé, kó ní wọ́n ṣi òun gbọ́ àti pé òun ló ni iṣẹ́ náà, kí oṣù tó parí. Mo sáré wálé sọ fún un. Ó ra pépà, ó jókòó kọ̀wé láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo bá a wò ó kó tó lẹ̀ ẹ́ pa. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Ìdúpẹ́ ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó dúpẹ́ pé wọ́n tọ́ òun sọ́nà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un kọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó sì lọ fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù ti parí.

Bisikíìtì ni Bọ́sẹ̀dé ń kó sí páálí n'Íkẹjà báyìí. Mo fún ìwé ìròyìn ní ẹ̀dà lẹ́tà yìí, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi tí ọmọ ń kàwé lọ́dọ̀ wọn lè rí i. N kò ní kí ẹ wá. N kò rí ohun tó kù tí ẹ máa wá ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sáà sọ fún yín pé orí ọmọ yẹn kò pé.

Kí Olúwa dá yín sí, kó má fi ojú yín rí ẹ̀yìn wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí ìjọ.

Mo ti ń purọ́ fún Bọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ọjọ́ Àìkú ni Túsídeè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lánàá mo ní ẹ̀yin ìyá àgbà rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Abọ́ ló ń fọ̀. Mo dúró tì í, mo ń retí kó yíjú sí mi, kó pè mí ní òpùrọ́. Ó ṣan abọ́ náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Bàbá Agége.